Ibi Tí A Ó Ti Máa Sọdá

Ẹ sún síbí díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò jẹ́ kí n rí òdìkejì. Ẹ ṣé. Ẹni tó jókòó sábẹ́ páànù ibẹ̀ yẹn, tó dé fìlà funfun, Làmídì ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ẹ̀yin ń pè é ní Àlàájì. Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀, torí èmi àti ẹ̀ la jọ ń jí àgbàdo olóko sun kó tó di Àlàájì. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo gbàdúrà tán, ibẹ̀ lojú mi ń kọ́kọ́ lọ. Bí mo bá ti rí fìlà yẹn, ọkàn mi á balẹ̀, mo lè wá béèrè ẹ̀kọ mi.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ní lọ́la ni ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ títì. Ẹ ní àwọn ẹnjiníà fẹ́ ṣe ojú ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fẹ́ bo gọ́tà, wọ́n fẹ́ ṣe bọ́ǹpù tí yóò tẹ àwọn ọlọ́kadà lórí ba, wọ́n sì fẹ́ fa ìlà funfun síbi kan ṣoṣo tí èèyàn yóò ti máa sọdá, pẹ̀lú iná tí yóò máa dá ọkọ̀ dúró. Owó tó wà nílẹ̀ kò ká ju ibi kan lọ. Ibi kan náà ni wọ́n wá ní yóò jẹ́ iwájú ilé tèmi yìí. Ẹ fẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ àgbà àdúgbò dìde lọ́la, kí n sọ pé a fara mọ́ ọn. Ó dáa. N óò fún yín lésì kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí títì yìí ti wá fún yín ná.

Erùpẹ̀ pupa ni ọ̀nà yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí ẹ̀, ọ̀kan á yà sínú koríko fún èkejì, àwọn awakọ̀ méjèèjì á sì kí ara wọn, wọ́n á béèrè ọmọ. Ní ìdájí, obìnrin ilé kọ̀ọ̀kan á gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dé àárín ọ̀nà. Kì í ṣe wolé-wolé ló pàṣẹ ẹ̀, bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi á gbá tiwa lọ láti ìhín, ìyá Làmídì á gbá tiwọn bọ̀ láti ọ̀hún, wàà, wàà, wàà, títí ìgbálẹ̀ méjèèjì á fi pàdé láàárín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á nàró, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ sábẹ́ abíyá, wọ́n á sọ ti ọjà, wọ́n á sọ ti ọkọ, wọ́n á sọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Omi ẹ̀kọ á hó gbẹ nínú ilé. Àwa ọmọ á máa wò wọ́n láti orí pèpéle, ebi á máa pa wá, ìhín ń bínú, ọ̀hún ń bínú. Ẹ dán an wò lónìí, kí ẹ mú ìgbálẹ̀ lọ nàró sáàárín títì yìí.

Ohùn ìgbà yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ladani á pè, agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa á dáhùn, fèrè ọkọ̀ ojú irin á sì dún láti ọ̀nà rélùwéè, gbogbo Ẹdẹ á mọ ohun tí aago wí láì sí aago lọ́wọ́. Lọ́rì tó ń kó iṣu bọ̀ láti Sekona, a ti ń gbúròó ẹ̀ kó tó yọ, a sì mọ ohùn ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ara. Bí ewúrẹ́ bá sùn sójú ọ̀nà, lọ́rì á dúró, ọmọ ọkọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á jí ewúrẹ́, á sì tún kígbe kí ẹni tó ni ín. Ewúrẹ́ ìgbà yẹn níyì ju àgbà ìsinsìnyí lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo sọ.

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere, tó sì fẹ́ kọjá níwájú àwọn àgbà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Á fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ kọjá, á kí wọn dáadáa, kó tó tún gùn ún. Tíṣà kan wà nígbà náà, ọmọlúàbí ni, àmọ́ ìkánjú wà lára ẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ti pẹ́ kó tó dé ilé ìwé, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sì fẹ́ kọjá láì kí bàbá bàbá Làmídì tó jókòó níta. Ló bá ní kí òun dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ṣí fìlà, ó tẹ orí ba, ó ń wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," kẹ̀kẹ́ sì gbé e lọ tààrà sínú èlùbọ́ tí àwọn obìnrin sá sórí ẹní. Nígbà tó dìde, funfun ni láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé lẹ́fun. Bàbá àgbà wò ó, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. A ti rí i pé o kí wa." Ọdún yẹn ni a kọ́ pé kíkí kì í ṣe ohun tí à ń sáré ṣe.

Kíkí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi, ẹ óò rí i tó bá yá.

Ọmọdé kì í dá sọdá ọ̀nà nígbà náà, bí ọkọ̀ ò tiẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí, yálà ó mọ̀ ọ́ tàbí kò mọ̀ ọ́, á fà ọ́ lọ́wọ́, á bi ọ́ pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Kí ẹ tó dé òdìkejì, ó ti mọ agbo ilé yín, ó ti mọ ẹni tó rán ọ níṣẹ́. Èmi àti Làmídì dá sọdá lọ́jọ́ kan, obìnrin aláròóbọ̀ kan tí a ò rí rí gbá wa létí, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì. A sunkún dé ilé lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá mi so gèlè mọ́rí, ó jáde, inú wa dùn pé ó fẹ́ lọ bá a jà. Ó lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ó tún fi iṣu kan kún ọpẹ́ náà.

Tí ọdún bá wá dé, ojú ọ̀nà yìí ni kẹ́ ẹ wá wò. Lọ́jọ́ Iléyá, ọpọ́n ẹran á gbéra láti ọ̀dọ̀ wọn, á sọdá wá síbí, èéfín á ṣì máa yọ lára ẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì tiwa á sọdá lọ sọ́hùn-ún, pẹ̀lú itan adìẹ tí ìyá mi ti pín sílẹ̀ fún Làmídì, èmi ọmọ inú ẹ̀ á máa jẹ ọrùn. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní, "Ìwọ náà lọ sọ́hùn-ún lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n á fún ẹ ní itan." Lóòótọ́ ni, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ itan ní gbogbo ìgbà èwe mi.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ da ọ̀dà sí i, a jó, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. A jó tẹ̀ lé katapílà. Wọ́n fẹ ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n gé pèpéle Làmídì, wọ́n gé tèmi náà, a ò sì bínú. Káfíńtà ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀. Orí títì yẹn ni pákó fi ń dé ọ̀dọ̀ mi, orí ẹ̀ náà ni àga àti tábìlì mi gbà lọ sí ilé onílé. Làmídì ń ta obì, obì tirẹ̀ náà ń fi ẹsẹ̀ títì rìn. Ilé ìwé gíga dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé bí omi Ọ̀ṣun tó kún, ọ̀kadà dé, kẹ̀kẹ́ Márúwá dé. Títì ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, òdìkejì ń jìnnà díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbé ilé Làmídì kúrò níbi tó wà.

Iléyá tó kọjá ni nǹkan bàjẹ́. Làmídì ní ọwọ́ òun lòun fẹ́ fi gbé ẹran wá fún mi, bí ìyá ẹ̀ ti ń ṣe. Mo rí i láti ibí tí mo jókòó sí yìí. Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ó mú abọ́ lọ́wọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Ó dé àárín dáadáa. Ni Márúwá bá yọ láti ìhín, ọ̀kadà yọ láti ọ̀hún, ọ̀rẹ́ mi ò lè lọ, kò lè bọ̀. Mo dìde, mo ń pariwo, eékún mi ò jẹ́ kí n rìn. Ọ̀kadà yẹn gbá ọ̀pá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ṣubú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Làmídì ò wo ẹ̀yìn, kò wo iwájú, èmi ló ń wò, bí ẹni pé mo lè ṣe nǹkan kan. Ọlọ́run yọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó. Àwọn ọmọ ẹ̀ gbé e wọlé, wọ́n ní láyé láyé kò gbọdọ̀ sọdá títì yìí mọ́. Ajá ló jẹ ẹran ọdún mi.

Mo wọ Márúwá lọ kí i lẹ́yìn náà. Awakọ̀ yẹn ní òun ò lè yípo níbí, ó gbé mi lọ jìnnà, ó gbé mi bọ̀, gbogbo egungun mi ń ké, kí n tó dé ilé tí mo lè ju òkò bà. Ojú tì mí. Bí èèyàn bá ń di ẹrù ìrìn-àjò kó tó kí ará iwájú ilé ẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Mi ò lọ mọ́. Fóònù la wá ń lò. Òun á jókòó sọ́hùn-ún, èmi á jókòó síbí, a ń wo ara wa, a ń pe ara wa. Mo ń rí ẹnu ẹ̀ tó ń mì kí ohùn tó dé etí mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní, àmọ́ títì wà láàárín ojú àti ọ̀rọ̀ tiwa. Ó ń dùn mí. Mo sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí.

Ẹ wá mọ ìdí tí inú mi fi dùn nígbà tí àwọn tó ń ka iye ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sọdá fún àwọn ẹnjiníà dé. Àwọn ọ̀dọ́ ni, oòrùn ń pa wọ́n, mo ní kí wọ́n wá sábẹ́ igi furúùtù mi yìí, mo gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Wọ́n ní nǹkan kékeré kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń tẹ̀, bí èèyàn bá ti sọdá, ká! Bó bá padà, ká! Kò pẹ́ ni ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lọ́hùn-ún rí wọn. Ó ní, "Àwọn ọmọ ta ló ń jìyà nínú oòrùn yìí?" Ó sọdá wá: "Ẹ kú ìdúró o, ẹ kú oòrùn." Ká! Ó padà lọ bu omi: ká! Ó gbé omi wá: ká! Télọ̀ rí i pé wọ́n fún àlejò lómi, òun náà mú ọsàn wá. Bàbá kan wá béèrè bóyá ilé ni wọ́n ń wá. Ìyá ìjọ méjì wá gbàdúrà fún wọn kí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe má bàa pa wọ́n lára. Àwọn ọmọ Làmídì gbé obì wá, wọ́n tún padà wá gba àwo. Àwọn tó sọdá wá kí wọn wá kí èmi náà, ni wọ́n bá pẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ká, ká, ká, bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́. Ṣé ní Ẹdẹ yìí ni àlejò á wà nínú oòrùn, ká má kí i?

Ẹnjiníà tó kó wọn wá, ọmọbìnrin kan báyìí tó níwà, padà wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, kò síbi tí èèyàn ti ń sọdá tó iwájú ilé yín lórí gbogbo títì yìí. Àwọn ẹlòmíì wa ka ti kọ́nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ kàn máa ń ya jáde láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ni, ibẹ̀ á sì dákẹ́. Tiyín ò dákẹ́ rárá." Mo pe Làmídì lójú ẹsẹ̀. Ó kígbe pé, "Alihamudulilahi! Jẹ́ kí wọ́n tètè fà á. Lọ́jọ́ tó bá gbẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti máa jẹun." Inú mi dùn débi pé mo sọ pé kí wọ́n lọ nu bẹ́ǹṣì dè é.

Àárọ̀ òní ni mo wá lọ gba oògùn eékún mi. Márúwá gbé mi gba kọ́nà ilé ìwé yẹn, ó sì dúró láti já ẹnì kan sílẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ náà. Kò sí àgbà kankan lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó dàgbà díẹ̀ di kọ́là èyí tó kéré mú, wọ́n tò bí àgùntàn, wọ́n ń wo ọkọ̀, wọ́n ń wo ọkọ̀, ọ̀kan á pariwo pé "Ó yá!" gbogbo wọn á sì sáré. Bàtà ọmọ kan bọ́ sáàárín títì. Ó fẹ́ padà lọ mú un, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fà á. Ọkọ̀ kan dé, ó tẹ bàtà yẹn pẹlẹbẹ. Ọmọ náà wo bàtà ẹ̀, kò sunkún, ó fi ẹsẹ̀ kan lásán wọ ilé ìwé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà tí à ń wí yìí, ìlà funfun sì ń bọ̀ wá síwájú ilé mi nítorí ẹ kú ìdúró.

Mo tún pe Làmídì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí dé orí bàtà. Mo rí i tó ṣí fìlà, tó fọwọ́ pa orí, tó tún dé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé omi tí ìyá ẹlẹ́kọ ń gbé lọ gbé bọ̀ ni wọ́n kà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àti obì tèmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ẹ̀rín tì. Ó ní, "Àwa ti dàgbà, ìwọ. Jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn náà dàgbà. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Èmi ńkọ́ bí i ti báwo? Ṣé wọ́n gé mi lẹ́sẹ̀ ni?" Ohùn ẹ̀ ò dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Èsì mi nìyẹn. Lọ́la, ẹ sọ fún wọn pé kọ́nà ilé ìwé ni. Jídé, mo rí i pé o fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní, "Bàbá, tá a bá sọ fún wọn pé kíkà wọn ò tọ̀nà, tí wọ́n bá wá ní àwọn ò ṣe é mọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gba èyí tó wà lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ̀rù ẹ̀ ń ba èmi náà. Àmọ́ mi ò lè jókòó sábẹ́ páànù mi kí n máa wo iná tó ń dá ọkọ̀ dúró fún arúgbó méjì, kí n wá gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ ní kí wọ́n wá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, kí wọ́n gbé gíláàsì sókè, kí wọ́n fara pa mọ́ dáadáa, torí bí a bá rí wọn, a ó kí wọn. N óò sọ ọ́ fúnra mi lójú ọmọbìnrin ẹnjiníà yẹn. Kò ní bínú, ó jọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹ dúró ná. Ẹ wo òdìkejì. Ó ti dìde. Kí ni Làmídì ń mú ọ̀pá ṣe nírọ̀lẹ́ yìí? Kì í ṣe ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló kọrí sí yẹn. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, lọ́nà ilé ìwé. Ẹ wò ó bó ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, alágídí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun lè gbé òun dé ibẹ̀. Ó sì ń wò mí!

Ẹ gbé ọ̀pá mi fún mi, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Rárá, mi ò fẹ́ Márúwá. Èmi á máa bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, òun á máa lọ ní tirẹ̀, bí ó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á dúró. Ẹ̀yin tí eékún yín ṣì le, ẹ sáré ṣíwájú wa, kí ẹ lọ bá wa dá ọkọ̀ dúró ní kọ́nà yẹn. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti bọ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́.